Bàtà Lẹ́nu Ọ̀nà Ìtẹ́: Ìbẹ̀rù Ọlá Ńlá Ọlọ́run àti Ìrísí Ìjọsìn Kristẹni Nílẹ̀ Yorùbá

Ìfáárà

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, kí èèyàn tó gbọ́ orin nílé àdúrà Kérúbù àti Séráfù, bàtà ni yóò kọ́kọ́ rí. Sálúbàtà, bàtà aláwọ, bàtà gogoro, bàtà ọmọdé tí okùn rẹ̀ ti já, gbogbo wọn á kóra jọ sẹ́nu ọ̀nà bí ẹni pé wọ́n ń retí àwọn tó ni wọ́n. Ní ìjọ Áńgílíkà tí ó wà ní ìkóríta kejì, bàtà dídán ni wọ́n fi ń rìn wọ inú ilé ìsìn. Fìlà nìkan ni ọkùnrin ń ṣí. Ọlọ́run kan náà ni àwọn méjèèjì ń sìn, Bíbélì kan náà ni wọ́n ń kà, àwọn méjèèjì ni yóò sì sọ fún ọ pé ìbẹ̀rù Ọlọ́run ni ó mú àwọn wá. Báwo ni ìbẹ̀rù ọ̀kan ṣe wá sọ̀ kalẹ̀ dé ẹsẹ̀, tí ti èkejì dúró sórí?

Ìbéèrè yìí ni àpilẹ̀kọ yìí dá lé lórí. Èrò tí mo gbé kalẹ̀ ni pé ọlá ńlá Ọlọ́run kì í dé ilẹ̀ kan kí ìjọsìn ibẹ̀ má yá àṣà ààfin ilẹ̀ náà lò. Ohun tí ara àti ẹnu àwọn èèyàn ti mọ̀ ọ́n ṣe níwájú ọba ni wọ́n ń gbé lọ síwájú Ọba tí kò lẹ́gbẹ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ìdí tí ìjọ kan fi ń kúnlẹ̀, tí òmíràn ń dúró, tí ọ̀kan ń ké rara, tí èkejì ń dákẹ́ lọ gbári, kí ó kọ́kọ́ béèrè ààfin tí wọ́n ti kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n Ìhìnrere kì í gba àṣà ààfin wọlé láìbá a jà. Ibi tí ìjà náà ti ń wáyé ni mo rò pé ó yẹ kí àwa tí a ń wádìí ìsìn Kristẹni nílẹ̀ Yorùbá túbọ̀ tẹ́tí sí.

Onímọ̀ ará Jámánì kan, Rudolf Otto, ni gbogbo èèyàn ń tọ́ka sí lórí ọ̀rọ̀ yìí. Nínú ìwé rẹ̀ Das Heilige, tí ó jáde ní ọdún 1917, ó ṣàlàyé pé ẹni tí ó bá bá Ọlọ́run pàdé ń rí àṣírí kan tí ó ń dẹ́rù bà á, tí ó sì tún ń fà á mọ́ra. Ní ọdún 1911 ni ó wọ sínágọ́gù kékeré kan ní ilẹ̀ Mòrókò, tí ó gbọ́ bí àwọn Júù ṣe ń kígbe mímọ́ lẹ́ẹ̀mẹta gẹ́gẹ́ bí àwọn séráfù ṣe kígbe rẹ̀ nínú ìran Àìsáyà. Igbe yẹn kò kúrò lọ́kàn rẹ̀ mọ́. Yorùbá kò nílò àlàyé gígùn kí ó tó lóye Otto, nítorí a ti ya ìbẹ̀rùbojo sọ́tọ̀ kúrò lára ìbẹ̀rù tí ọ̀wọ̀ bí: èkíní ń lé èèyàn sá lọ, èkejì ń mú un wá síwájú kí ó tó wó o lulẹ̀. Ibi tí mo ti yà kúrò lọ́dọ̀ Otto ni pé inú ọkàn ni ó fi ìbẹ̀rù náà sí. Nílẹ̀ wa, ara ló ń kọ́kọ́ bẹ̀rù. Ọmọ tí kò tíì mọ ìdí tí a fi ń bọ̀wọ̀ fún bàbá àgbà ti ń dọ̀bálẹ̀; ìdọ̀bálẹ̀ náà ni yóò padà kọ́ ọkàn rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tí a fi ń kí Ọba

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti inú èdè, nítorí ibẹ̀ ni ìpinnu tó le jù lọ ti kọ́kọ́ wáyé. Samuel Àjàyí Crowther, ọmọ Ọ̀ṣọ́ogùn tí wọ́n kó lẹ́rú ní ọdún 1821, ni ó darí iṣẹ́ ìtumọ̀ Bíbélì sí èdè Yorùbá. Ìwé Pọ́ọ̀lù sí àwọn ará Róòmù jáde ní ọdún 1850. Odindi Bíbélì jáde ní ọdún 1884. Ṣáájú èyí, ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1844, ó ṣe ìsìn ní èdè Yorùbá fún àwọn èèyàn rẹ̀ ní Freetown. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé èdè abínibí òun ni, síbẹ̀ ó ṣe òun bí ọmọdé tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ. Ó tún sọ pé bí òun ṣe ń súre ni àwọn èèyàn ń dáhùn pé kí ó ṣẹ. Ẹni tí ó bá ti dúró ní àgbàlá ọba nígbà tí ọba ń wúre mọ ibi tí wọ́n ti mú ìdáhùn yẹn wá. Wọn kò ì tíì kọ́ àmín dáadáa. Ẹnu ààfin ni wọ́n fi gba ìre Ọlọ́run.

Nínú Bíbélì Hébérù, ọ̀rọ̀ tí a sábà ń túmọ̀ sí ìjọsìn, títẹ ara wálẹ̀ ni ìtumọ̀ rẹ̀ gan-an. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Gíríìkì nínú Májẹ̀mú Tuntun. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún un, ọ̀dọ̀ iyì ni ó ti ṣẹ̀ wá: kí a ka ẹnì kan sí ẹni iyì. Èèyàn lè jókòó sórí àga kí ó máa fi iyì fún ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n kò sí bí èèyàn ṣe lè foríbalẹ̀ kí ó wà lórí àga. Nígbà tí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń wá ọ̀rọ̀, wólẹ̀, foríbalẹ̀, tẹríba, kúnlẹ̀, júbà àti sìn ti wà nílẹ̀ tí wọ́n ń dúró dè wọ́n, gbogbo wọn ló sì ní ara nínú. A ń wólẹ̀ bí ilé ṣe ń wó. Orí, tí Yorùbá kà sí ọba ara, ni ó ń kan ilẹ̀ nínú foríbalẹ̀. Sìn pàápàá ní ìtàn ìṣèlú nínú: ìlú tí ó bá ń sin Ọ̀yọ́, ó ń gbé ìṣákọ́lẹ̀ lọ síbẹ̀ ni. Mo gbà pé ní apá yìí, Bíbélì Yorùbá sún mọ́ Hébérù ju Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n gbé síwájú àwọn atúmọ̀ lọ.

Orúkọ náà wà ńbẹ̀. Olódùmarè ni wọ́n fi dúró fún Alágbára jù lọ tí ó fi ara han Ábúráhámù. OLÚWA ni wọ́n fi rọ́pò orúkọ tí àwọn Júù kì í pè. Ẹni Àgbà Ọjọ́ inú ìwé Dáníẹ́lì sì ti di Arúgbó Ọjọ́ lẹ́nu àwọn aládùúrà. Bọ́lájí Ìdòwú, nínú ìwé rẹ̀ lórí Olódùmarè tí ó jáde ní ọdún 1962, jà fitafita láti fi hàn pé Yorùbá ti mọ Ọlọ́run gẹ́gẹ́ bí Ọba kí àwọn òyìnbó tó dé. Àwọn kan ti bá a wí pé ó fi ojú Kristẹni wo nǹkan àbáláyé jù. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí kò sẹ́ni tó lè já a ní koro lórí rẹ̀: ìtàn àkúnlẹ̀yàn. Nínú ìtàn yẹn, kí ẹ̀dá tó wá sáyé, ó ti kúnlẹ̀ láti yan ìpín rẹ̀. Ọkùnrin Yorùbá kì í kúnlẹ̀ kí àgbà. Ìdọ̀bálẹ̀ ni tirẹ̀, obìnrin ló ń kúnlẹ̀. Nígbà tí ìlànà ìsìn Áńgílíkà wá ní kí tọkùnrin tobìnrin kúnlẹ̀ pọ̀ síwájú Ọlọ́run, ó yẹ kí ó ṣòro fún àwọn ọkùnrin. Kò jọ pé ó ṣòro rárá, mo sì rò pé àkúnlẹ̀yàn ni ó fà á: ìkúnlẹ̀ kan ti wà tí kò mọ akọ yàtọ̀ sí abo.

Ààfin àwọn ẹlòmíràn

Kí a má baà rò pé àwa nìkan ni a gbé ààfin wọ ṣọ́ọ̀ṣì, ó yẹ kí a wo ẹ̀yìn. Ìjọ àkọ́kọ́ kò ní ààfin kankan. Inú ilé ara wọn ni wọ́n ti ń bu àkàrà. Lẹ́yìn tí Késárì Constantine fara mọ́ ìsìn Kristẹni, tí ilé ìsìn ńláńlá bẹ̀rẹ̀ sí í dìde, tẹ́ńpìlì òrìṣà Róòmù kọ́ ni wọ́n fi ṣe àwòkọ́ṣe. Gbọ̀ngàn tí aṣojú ìjọba ti ń gbẹ́jọ́, tí wọ́n ń pè ní basilica, ni wọ́n mú. Ibi tí adájọ́ ń jókòó sí ní ìpẹ̀kun gbọ̀ngàn ni wọ́n fi àga bíṣọ́ọ̀bù sí, wọ́n sì ń fi àwòrán Kristi sórí ìtẹ́ lókè rẹ̀. Èyí tí ó wà nínú ilé ìsìn Santa Pudenziana ní ìlú Róòmù, tí wọ́n ṣe ní nǹkan bí ọdún 400, ṣì wà títí dòní: Kristi jókòó nínú aṣọ wúrà, àwọn àpọ́sítélì sì yí i ká bí ìgbìmọ̀ ìjòyè.

Ohun tí ó yà mí lẹ́nu jù nínú àwọn ìwé àtijọ́ ni òfin ogún tí àwọn bíṣọ́ọ̀bù ṣe ní Nicaea ní ọdún 325. Wọ́n pàṣẹ pé ní ọjọ́ Olúwa, àti láti Àjíǹde títí dé Pẹ́ntíkọ́sì, ìdúró ni kí gbogbo ìjọ fi gbàdúrà. Ọmọ Yorùbá tí ó bá kà á yóò ṣí ẹnu. Ta ní ń dúró ṣánṣán níwájú ọba? Ṣùgbọ́n lójú tiwọn, ọjọ́ Àjíǹde ni gbogbo ọjọ́ Olúwa, ẹni tí a sì ti jí dìde pẹ̀lú Kristi kò gbọdọ̀ wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ìdúró wọn jẹ́ ìbẹ̀rù. Ẹni tí ó bá ní kìkì ìdọ̀bálẹ̀ ni ọ̀wọ̀, kò tíì bi àwọn ará Nicaea.

Ẹ̀kọ́ kan tún wà láti Jerúsálẹ́mù, nínú ìwé tí a mọ̀ mọ́ Cyril, bíṣọ́ọ̀bù ìlú náà ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrin, tí ó ń kọ́ àwọn tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rì bọmi bí wọn yóò ṣe gba Ara Olúwa. Ó ní kí wọ́n fi ọwọ́ òsì ṣe ìtẹ́ sábẹ́ ọ̀tún, nítorí ọba ni ọwọ́ náà fẹ́ gbà. Níbi tí a ti bí mi, ẹni tí ó bá na ọwọ́ òsì sí àgbà, àbùkù ni. Mo fi ọjọ́ púpọ̀ ro ọ̀rọ̀ yìí. Ọwọ́ tí àwa ń fi pamọ́ ni bíṣọ́ọ̀bù yìí sọ di àga Ọba.

Ní Áńtíókù, ní ọdún 386 sí 387, Jòhánù Ẹlẹ́nu-wúrà wàásù léraléra sí àwọn tí wọ́n ń sọ pé àwọn lè mọ Ọlọ́run tán. Kókó rẹ̀ ni pé àwọn áńgẹ́lì pàápàá ń bo ojú, báwo ni ènìyàn ṣe fẹ́ wo Ọlọ́run yanjú? Ní Constantinople, lẹ́yìn tí Késárì Justinian ti kọ́ Hagia Sophia tán ní ọdún 537, ọba kan lẹ́yìn rẹ̀ fi orin Kérúbù kún ìsìn, ní nǹkan bí ọdún 573. Wọ́n ń kọ ọ́ nígbà tí wọ́n bá ń gbé àkàrà àti wáìnì bọ̀ síbi pẹpẹ, tí ìjọ ń ṣe bí kérúbù tí ń gba Ọba àwọn ohun gbogbo lálejò, tí àwọn áńgẹ́lì sì sìn ín bọ̀ bí ẹ̀ṣọ́ ṣe ń sin Késárì. Kò sí ẹni tí kò ní rí ààfin Constantinople nínú àwòrán yẹn.

Ní Etiópíà, wọ́n ń bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìsìn, ìlù sì ti wà nínú ìsìn wọn tipẹ́tipẹ́, tí àlùfáà ń jó níwájú àpótí mímọ́ bí Dáfídì ti jó. Ìbá ṣe pé Etiópíà ni àwọn míṣọ́nnárì ti wá bá wa ni, èdè-àìyedè tí ó wáyé lórí ìlù nílẹ̀ Yorùbá kì bá tí wáyé.

Ti Geneva ni ìdàkejì. Jean Calvin bẹ̀rẹ̀ ìwé ẹ̀kọ́ ńlá rẹ̀, tí ìtẹ̀jáde ìkẹyìn rẹ̀ jáde ní 1559, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ pé èèyàn kò lè mọ ara rẹ̀ àfi tí ó bá ti rí ọlá ńlá Ọlọ́run, tí jìnnìjìnnì sì bò ó. Láti inú ìbẹ̀rù yìí ni wọ́n ti kó àwòrán jáde, tí wọ́n pa dùùrù lẹ́nu mọ́, tí wọ́n fi ohùn kan ṣoṣo kọ Sáàmù. Ọlọ́run tóbi jù kí a fi ọ̀dà yà á. Ìlú tí kò ní ọba ni Geneva nígbà náà, àwọn ìgbìmọ̀ ló ń darí rẹ̀. Bóyá ìdí nìyẹn tí ilé ìsìn wọn fi jọ gbọ̀ngàn ìpàdé. Mo fi èyí sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àbá.

Èkó, oṣù kẹfà ọdún 1925

Ní ọjọ́ 18 oṣù kẹfà ọdún 1925, Ìjọ Àgùdà ṣe ìwọ́de àjọ̀dún Ara Kristi nílùú Èkó. Orúkọ tí a ń pe ìjọ náà, Àgùdà, ń rántí àwọn tó padà bọ̀ láti Brazil, tí wọ́n gbé ìsìn Kátólíìkì wá sí àdúgbò wọn nílùú náà. Nínú ìwọ́de bẹ́ẹ̀, wọ́n ń gbé Ara Olúwa kiri ojú pópó, wọ́n sì ń na aṣọ olówó iyebíye sókè orí rẹ̀. Ọmọ Èkó kò nílò ẹni tí yóò túmọ̀ rẹ̀ fún un. Ó mọ agboòrùn ọba. Ọmọbìnrin kan tí kò tíì pé ogún ọdún, Christiana Abíọ́dún Akínsọ̀wọ́n, wà níbẹ̀. Ó sọ pé òun rí áńgẹ́lì lábẹ́ ìbòrí náà. Kò pẹ́ tí ó fi wọ ojúran tí kò lè jáde, wọ́n sì ránṣẹ́ pe Mósè Orímóládé Túnọláṣe, ọmọ Ìkàrẹ́, ẹni tí ó ti ń gbàdúrà fún àwọn èèyàn káàkiri. Láti ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún kan náà ni wọ́n fún un ní orúkọ Séráfù. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Kérúbù kún un.

Àwọn onímọ̀ tí wọ́n ti kọ̀wé lórí Aládùúrà, bíi J. D. Y. Peel ní 1968 àti Akin Omoyajowo ní 1982, ti ṣàlàyé ipa tí àìsàn, àìríṣẹ́ àti ìwàásù lòdì sí oògùn kó nínú ìgbòòrò ẹgbẹ́ yìí. Èmi kò bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n ó jọ lójú mi pé orísun rẹ̀ gan-an, ìran kan nípa ọlá ni: ọmọbìnrin kan rí ọba tí ń kọjá lábẹ́ agboòrùn, ó sì rí ohun tí ó wà lábẹ́ rẹ̀. Orúkọ tí wọ́n yàn fi hàn bẹ́ẹ̀. Wọn kò sọ ara wọn ní ìjọ ìwòsàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwòsàn ń ṣẹlẹ̀ láàárín wọn. Orúkọ àwọn ẹ̀ṣọ́ ìtẹ́ ni wọ́n mú, wọ́n sì fi Máíkẹ́lì Mímọ́ ṣe balógun.

Ẹ ṣàkíyèsí nǹkan kan. Nínú ìran Àìsáyà, ìyẹ́ mẹ́fà ni séráfù kọ̀ọ̀kan ní: ó fi méjì bo ojú, ó fi méjì bo ẹsẹ̀, ó fi méjì fò. Séráfù ń bo ẹsẹ̀. Àwọn tí wọ́n ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ lónìí ń tú ẹsẹ̀ sílẹ̀, nítorí níbi tí ó kan bàtà, Mósè níwájú igbó tí ń jó ni wọ́n tẹ̀ lé, àti Jóṣúà níwájú balógun ogun Olúwa. Àwọn míṣọ́nnárì náà ka ẹsẹ Bíbélì yìí, wọn kò sì bọ́ bàtà. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fìlà ni ọkùnrin ń ṣí fún ọba. Bàtà kò sí nínú ọ̀wọ̀. Nílẹ̀ Yorùbá, ìjòyè tí ó bá wọ ààfin á ṣí fìlà, á sì bọ́ bàtà. Nítorí náà, nígbà tí àwọn Aládùúrà ka ọ̀rọ̀ Mósè, wọn kò kà á bí ìtàn aginjù tó jìnnà. Òfin tí wọ́n ti mọ̀ láti kékeré ni wọ́n bá pàdé níbẹ̀.

Ó ṣẹlẹ̀ pé ọdún yẹn kan náà, ní ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá, Póòpù Pius Kọkànlá dá àjọ̀dún Kristi Ọba sílẹ̀ ní Róòmù. Ogun àgbáyé àkọ́kọ́ ti gbá Késárì Jámánì, ti Austria àti ti Rọ́ṣíà dànù lórí ìtẹ́, Póòpù sì fẹ́ kí ayé rántí Ọba tí ìtẹ́ rẹ̀ kò lè yí. Ní Yúróòpù, àwọn ọba ń wó ni wọ́n fi rántí Kristi Ọba. Ní Èkó, ọba wà láàyè lójú àwọn èèyàn. Mo rò pé ìyàtọ̀ yìí ni ó jẹ́ kí àjọ̀dún ti Róòmù jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ fún ọ̀pọ̀ èèyàn, tí ti Èkó sì di ohun tí ara ń ṣe.

Josiah Ọṣìtẹ́lù dá Ìjọ Olúwa sílẹ̀ ní Ògèrè Rẹ́mọ ní ọdún 1930. Àwọn ọmọ ìjọ náà ń yí nílẹ̀ nígbà àdúrà, ní pàtàkì ní àkókò àjọ̀dún òkè Tàbórà tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1937. Ẹni tí ó bá mọ ìyíkàá ní ààfin àtijọ́ àti lójúbọ òrìṣà yóò dá a mọ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò kú sí ilé nìkan: ní Brazil, àwọn oníṣẹ̀ṣe Candomblé ṣì ń fi ọ̀rọ̀ méjèèjì, dobale àti iká, pe bí wọ́n ṣe ń foríbalẹ̀.

Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹsàn-án ọdún 1947 ni Samuel Biléhọu Oshoffa, gbẹ́nàgbẹ́nà ọmọ Mẹ́tọ́díìsì, dá Ìjọ Mímọ́ ti Kristi láti Ọ̀run Wá sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́, tí a tún ń pè ní Porto-Novo. Níbẹ̀, ẹni tí ó bá ti wọ sùtánà funfun kò gbọdọ̀ fi bàtà rìn rárá, ìbáà ṣe ojú títì ọlọ́dà nínú oòrùn ọ̀sán, ìbáà ṣe London nínú òtútù. Ibi mímọ́ kò dúró sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì mọ́. Ó bá ẹni náà rìn. Àbẹ́là méje ń jó lórí pẹpẹ, tùràrí ń rú, ọkùnrin jókòó lọ́tọ̀, obìnrin lọ́tọ̀. Kò sí ìjọ tí ó tẹ̀ lé ìmọ̀ràn ara lórí ọlá Ọlọ́run tó èyí.

Ohùn, ìlù, oríkì

Ara ti mọ̀ ọ́n ṣe; ẹnu ni ó jẹ gbèsè fún ìgbà pípẹ́. Orin tí àwọn míṣọ́nnárì gbé wá, Gẹ̀ẹ́sì ni ohùn rẹ̀, Yorùbá ni ọ̀rọ̀ rẹ̀, àwọn méjèèjì kò sì gbọ́ ara wọn. Èdè olóhùn ni tiwa. Bí orin bá já ohùn ìkẹyìn ọba wálẹ̀, ó ti di Ọbà, ìyàwó Ṣàngó, odò tí a ń bọ. Ẹni tí ó dìde láti yin Ọba ọ̀run á wá máa fi orin pe òrìṣà láìmọ̀. T. K. Ẹ̀kúndayọ̀ Phillips, tí ó tẹ dùùrù ní Kàtídírà Kristi nílùú Èkó láti 1914 sí 1962, fi ọ̀pọ̀ ọdún wá ojútùú sí ọ̀rọ̀ yìí, ó sì kọ ìwé lórí orin Yorùbá tí ó jáde ní 1953. Lójú tirẹ̀, orin tí ó ba ọ̀rọ̀ jẹ́ kò lè bọlá fún ẹni tí a ń kọ ọ́ fún. Ṣáájú rẹ̀, J. J. Ransome-Kuti ti gbé orin ẹ̀mí tí ó tẹ̀ lé ohùn Yorùbá lọ sórí rẹ́kọ́ọ̀dù ní London ní ọdún 1922.

Kí a sọ òtítọ́, ìbápàdé rere kan wà. Orin Mẹ́talọ́kan tí Reginald Heber kọ, tí J. B. Dykes fi sí ohùn tí ó ń jẹ́ Nicaea ní ọdún 1861, máa ń pe ọ̀rọ̀ mímọ́ nígbà mẹ́ta ní ìbẹ̀rẹ̀. Ohùn òkè méjì ni mímọ́ ní. Ohùn kan náà léraléra ni Dykes fi sábẹ́ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ó tó gun àtẹ̀gùn lọ sí èyí tó kàn. Ọ̀rọ̀ Yorùbá bọ́ sínú rẹ̀ bí ìka ṣe ń bọ́ sínú òrùka. Mo gbà pé ìdí kan nìyí tí orin náà fi wọ àwọn àgbà wa lára ju ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ mímọ́ dún bí ara rẹ̀.

Ìlù pẹ́ kí ó tó wọlé, nítorí wọ́n ní ti òrìṣà ni. Nígbà tí ó wá wọlé, ó mú oríkì wọlé. Karin Barber, tí ó gbé ní Òkukù, fi hàn nínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 1991 bí oríkì ṣe ń fa ẹni tí a ń kì jáde, tí orí rẹ̀ ń wú, tí agbára rẹ̀ ń kún. Àdúrà Yorùbá kò yé ẹni tí kò bá mọ èyí. Wákàtí kan lè kọjá tí àwọn aládùúrà yóò máa pe Ọlọ́run ní orúkọ orí orúkọ kí wọ́n tó béèrè ohun kan ṣoṣo. Àlejò yóò rò pé ọ̀rọ̀ ń ṣòfò. Ọ̀nà tí a ń gbà wọ iwájú ọba nìyẹn. Ẹni tí ó sáré sọ ohun tí ó bá wá kò tíì kí ọba. Jòhánù Ẹlẹ́nu-wúrà ní a kò lè mọ Ọlọ́run tán, nítorí náà kí a dákẹ́. Akígbe Yorùbá náà gbà pé a kò lè mọ̀ ọ́n tán, nítorí náà kò ní dákẹ́: orúkọ kan kò tó, ẹgbẹ̀rún kò tó.

Ibi tí Ìhìnrere ti bá ààfin jà

Ká-bi-í-kò-sí ni ọ̀pọ̀ fi ń tú Kábíyèsí: ẹni tí kò sí olùbéèrè lórí rẹ̀. A ń pe Ọlọ́run bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n ẹ ṣí Bíbélì. Ábúráhámù bi í léèrè lórí Sódómù. Jóòbù bi í. Hábákúkù bi í títí ó fi gun orí ilé ìṣọ́ láti retí ìdáhùn. Ìdá púpọ̀ nínú ìwé Sáàmù ló jẹ́ ìbéèrè pẹ̀lú omijé, Jésù fúnra rẹ̀ sì kú pẹ̀lú ìbéèrè lẹ́nu. Ọba tí ó gba ìbéèrè ni Ọlọ́run Bíbélì, kò sì dín ọlá rẹ̀ kù. Mo ti jókòó níbi ìsìnkú ọmọdé tí wọ́n ti ń pàṣẹ fún ìyá rẹ̀ pé kí ó má béèrè, nítorí Kábíyèsí ni Ọlọ́run. Wọ́n fẹ́ bọ̀wọ̀ fún Ọlọ́run. Ààfin nìkan ni wọ́n fi bọ̀wọ̀ fún un.

Aṣọ ìkélé ni ìjà kejì. Ìwé Hébérù sọ pé ọ̀nà ibi mímọ́ jù lọ ti ṣí, kí a sì wọlé pẹ̀lú ìgboyà. Síbẹ̀, ní àwọn ìjọ tí ọlá Ọlọ́run jẹ lógún jù, pẹpẹ ni ó ní odi jù. Ní Ìjọ Mímọ́ ti Kristi láti Ọ̀run Wá, àwọn ọkùnrin tí a fi àmì òróró yàn nìkan ló ń wọ ibi pẹpẹ, obìnrin tí ó wà ní nǹkan oṣù kì í sì í wọ ilé ìsìn. Mo bọ̀wọ̀ fún bàtà tí wọ́n bọ́, tọkàntọkàn ni mo sì fi sọ ọ́. Lórí èyí, mo rò pé òfin ààfin borí Ìhìnrere.

Ìkẹta ni ọ̀wọ̀ tí ó dà sórí ènìyàn. Ìlú tí ó mọ ọba kì í pẹ́ sọ wòlíì di ọba. Oyè, àga gíga, aṣọ tí ń wọ́ nílẹ̀ àti ìdọ̀bálẹ̀ fún olórí ìjọ ti pọ̀ nínú ìjọ àtijọ́ àti tuntun, Aládùúrà tàbí Pẹ́ńtíkọ́sì. Ìjọ Ìràpadà tí Josiah Akíndayọ̀mi dá sílẹ̀ ní 1952 nígbà tí ó jáde kúrò nínú Kérúbù àti Séráfù bọ bàtà padà, ṣùgbọ́n ẹgbẹẹgbẹ̀rún ṣì ń kúnlẹ̀ pọ̀ lórí ilẹ̀ ibùdó rẹ̀. Ìdọ̀bálẹ̀ fún bàbá ẹni dára. Níbi tí Ọba ti bọ́ agbádá, tí ó so aṣọ ìnura mọ́ ìdí, tí ó ń wẹ ẹsẹ̀ àwọn ọmọ ẹ̀yìn, mi ò mọ àga tí ó yẹ kí ìránṣẹ́ rẹ̀ gùn.

Ìjà tó kẹ́yìn wà nínú ọ̀rọ̀ tó kéré jù lọ. Yorùbá kì í pe àgbà ní ìwọ, ẹ̀yin ni. Síbẹ̀ ìwọ ni Bíbélì 1884 pe Ọlọ́run, ìwọ náà ni àwọn baba wa fi ń gbàdúrà. Àlàyé tí a sábà ń gbọ́ ni pé Ọlọ́run kan ni, ẹ̀yin yóò sì jọ ọ̀pọ̀. Hébérù pẹ̀lú kò ní ẹ̀yin ọ̀wọ̀, àwọn atúmọ̀ sì tẹ̀ lé e. Àlàyé kẹta wà tí a kì í sábà dárúkọ: nínú oríkì, ìwọ ni a ń pe ọba pàápàá. Akígbe tí ó ń ki ọba láàfin sọ pé o, kì í sọ pé ẹ, kò sì sẹ́ni tí ó bínú sí i, nítorí oríkì wà lókè ìkíni. Ìwọ tí a ń pe Ọlọ́run lè jẹ́ ìwọ oríkì.

Ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn títí di ìsinsìnyí, ẹ̀yin ti ń yọ́ wọlé. Nínú orin ìyìn àti àdúrà àwọn ọ̀dọ́, a ń gbọ́ ẹ ṣé, Bàbá; a ń gbọ́ ẹ jọ̀ọ́, Bàbá. Ọ̀rọ̀ Bàbá ni ó fà á: bí Ọlọ́run bá di Bàbá tí ó wà nínú ilé, ọmọ kò lè pe é ní ìwọ. Ẹni tí ó bá tẹ́tí sí àdúrà kan ṣoṣo dáadáa yóò gbọ́ méjèèjì. Bí ó ṣe ń kì í, ìwọ ni: ìwọ Ọba, ìwọ Arúgbó Ọjọ́, ìwọ tí o tẹ́ ilẹ̀ bí ẹní. Nígbà tí ó bá dé ibi ẹkún, tí ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀, ẹ̀yin ni: Bàbá, ẹ dá mi lóhùn. Ẹni tí ó ń gbàdúrà kì í mọ̀ pé òun yí i padà.